Owó Tẹ Ọwọ́, Ẹ̀tọ́ Bọ́: Ọ̀rọ̀ Fáúṣà àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Aláàbọ̀ Ara ní Amẹ́ríkà

Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá ìka, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe dá àwọn ọmọ tí a ń bí. Ọmọ kan yóò tètè rìn, òmíràn yóò pẹ́ kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹnu ọmọ kan yóò máa dún bí ti ẹyẹ ìbákà, ọmọ kejì yóò sì pé ọdún márùn-ún kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, a kò tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan gé ìka rẹ̀ sọnù nítorí pé ó kúrú. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ìlú bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni yóò san owó ẹ̀kọ́ ọmọ tí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Bí òbí bá sì mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ náà yóò bá a lọ?

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìbéèrè yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin, ó sì ti di ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá fi ń ṣe àìsùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó jìnnà sí wa ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland tàbí ní Florida, tí àwọn pẹ̀lú ń tọ́ ọmọ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní èdè wa, kí ó lè yé tọmọdé tàgbà.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Kí ó tó di ọdún 1975, bí ọmọ bá jẹ́ afọ́jú, adití tàbí arọ, tàbí bí òye rẹ̀ kò bá jí bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lè sọ fún àwọn òbí rẹ̀ ní ojúkorojú pé kò sí àyè fún un. Àwọn òbí kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, àti àwọn mìíràn ní Washington tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, kò gbà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ilé-ẹjọ́. Nígbà tí ẹjọ́ ti Washington dé iwájú adájọ́ ní ọdún 1972, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ṣe àwáwí pé owó kò tó. Adájọ́ náà dá wọn lóhùn pé bí owó kò bá tó, kí wọ́n pín èyí tí ó wà lọ́nà tí wọn kò fi ní ti ọmọ kankan síta. Pé àìtó owó kò gbọdọ̀ wúwo lórí ọmọ aláàbọ̀ ara ju bí ó ti wúwo lórí ọmọ tí ara rẹ̀ pé lọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Ààrẹ Gerald Ford fi ọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó sọ ìdájọ́ yìí di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú òfin náà ni àwọn aṣòfin ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara tí ó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà ju mílíọ̀nù 8 lọ. Pé èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ kò rí ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ sí wọn. Àti pé mílíọ̀nù kan nínú wọn ni a tì síta pátápátá. Ní ọdún 1990 a yí orúkọ òfin náà padà, a sì tún un ṣe ní ọdún 1997 àti 2004, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2022 sí 2023, àwọn ọmọ tí ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ tó mílíọ̀nù 7 àti ààbọ̀, èyí tí ó jẹ́ bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Kí ni òfin yìí fún ọmọ? Ohun mẹ́rin ni a lè kà síbẹ̀. Èkíní, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bá ipò ọmọ náà mu, láìka iye owó tí yóò ná ìjọba sí. Èkejì, ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí a kọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí olùkọ́ àti òbí jọ jókòó ṣe, tí ó sì sọ iye wákàtí tí a ó fi kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, tàbí irú olùrànlọ́wọ́ tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, pé kí ọmọ náà máa kẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹrin, pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá kùnà, òbí ní àṣẹ láti pè é síwájú olùgbẹ́jọ́ tí kò sí lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé má ṣe gbàgbé ìwé ètò yẹn, nítorí òun ni a ó máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí dé òpin ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kì í ṣe ìwé lásán. Ó dà bí ìwé àdéhùn tí a fi èdìdì òfin dì: ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀, dandan ni kí a ṣe é. Ní ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ ọmọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Colorado tí ó ní àìpé ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní ọ́tísìmù. Àwọn òbí rẹ̀ sọ pé ìwé ètò ọmọ àwọn kò yí padà lọ títí láti ọdún dé ọdún, bí ẹni ń gún iyán inú odó kan náà tí iyán kò sì kúnná. Gbogbo àwọn adájọ́ náà fi ẹnu kò, láìsí ẹni tí ó yapa, pé ìwé ètò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè mú kí ọmọ tẹ̀ síwájú ní ìwọ̀n ipò tirẹ̀.

ÌLÉRÍ TÍ KÒ TÍÌ ṢẸ

Òfin dára, ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Èyí kò yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ọdún 1975, ó ṣe ìlérí pé owó tí òun yóò máa fi ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lórí ọmọ aláàbọ̀ ara kọ̀ọ̀kan lè tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a ń ná lórí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìpíndọ́gba. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ọdún kan tí ìlérí yìí ṣẹ. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, bí ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ń ná nǹkan bíi bílíọ̀nù 14 dọ́là lọ́dún, ohun tí ó ń dá kò tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àgbègbè ni ó ń ru ìyókù ẹrù náà, láti inú owó-orí àwọn ará ìlú.

Ibi tí ẹrù bá ti pọ̀ ju orí lọ, ibẹ̀ ni ọrùn ti í wọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n dín iye ọmọ tí wọn yóò kà mọ́ aláàbọ̀ ara kù. Èyí tí ó burú jù nínú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas. Láti ọdún 2004 ni àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà ti fi ìdá 8 àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè wà ní nǹkan bí ìdá 13. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, lẹ́yìn tí àṣírí náà ti tú sínú ìwé ìròyìn, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ kéde pé Texas ti rú òfin. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 2004 ti parí rẹ̀ nígbà náà; a kò lè dá ọdún rẹ̀ padà fún un. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu.

FÁÚṢÀ DÉ

Nínú irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fáúṣà ti rí àyè wọlé. Fáúṣà kì í ṣe àjèjì ọ̀rọ̀ sí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba: ìwé tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ akápò ni. Èyí tí à ń wí yìí ni ìwé tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń sọ fún òbí pé, "Owó tí à bá ná lórí ọmọ rẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa nìyí, mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó bá wù ọ́."

Ìlú Milwaukee ni ètò irú èyí ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ní ọdún 1990, fún àwọn ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Florida ni ó kọ́kọ́ dá fáúṣà sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara nìkan. Wọ́n fi agbègbè Sarasota dán an wò ní ọdún 1999, wọ́n sì sọ ọ́ di ti gbogbo ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 2000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ John McKay pè é, ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ ní ọmọ tí ó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe. Nígbà tí yóò fi tó ogún ọdún, àwọn ọmọ tí ó ń lò ó tó nǹkan bí 30,000. Ní ọdún 2022 ni a da ètò náà pọ̀ mọ́ òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ohio dá ti àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù sílẹ̀ ní ọdún 2003. Ní Arizona, ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ náà tí ó ga jù lọ fagi lé fáúṣà àwọn aláàbọ̀ ara ní ọdún 2009, nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ wọn kò gba kí a fi owó ìjọba ran ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lọ́wọ́. Ni àwọn aṣòfin bá gba ẹ̀yìn wọlé ní ọdún 2011: dípò kí owó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ṣí àpò owó fún òbí, kí òbí máa ná an lórí ẹ̀kọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn yìí. Nígbà tí ó fi di ọdún 2022, ilẹ̀kùn náà ti ṣí fún gbogbo ọmọ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà, olówó àti tálákà. Texas ṣe tirẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Gómìnà Greg Abbott fi ọwọ́ sí òfin tí ó ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀, tí ó sì sọ pé ọmọ aláàbọ̀ ara lè gbà tó 30,000 dọ́là lọ́dún, láti ọdún ẹ̀kọ́ 2026 sí 2027.

Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí yóò rò pé ìyà àwọn òbí ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀NÀ MẸ́TA, Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀ NI IBI TÍ WỌ́N JÁ SÍ

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọmọ aláàbọ̀ ara lè gbà dé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà. Bí a bá wo ọmọ mẹ́ta tí wọ́n jọ jókòó lórí àga nínú kíláàsì kan, a kò lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Òfin nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kìíní ni pé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àgbègbè fúnra rẹ̀ ni ó mú ọmọ náà lọ síbẹ̀, nítorí pé kò ní ohun èlò tí yóò fi kọ́ ọ. Ìjọba ni yóò san gbogbo owó, ìwé ètò ọmọ náà yóò bá a lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò sì ní dín kù bí orí abẹ́rẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti òbí tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba já kulẹ̀, tí ó mú ọmọ rẹ̀ jáde, tí ó fi owó ara rẹ̀ sanwó, tí ó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Láti ọdún 1985 ni Ilé-Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti sọ pé bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ dá owó rẹ̀ padà. Wọ́n sì tún un sọ ní ọdún 2009. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó lọ́yà ló lè rìn ín.

Ọ̀nà kẹta ni ti òbí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni nítorí pé ó wù ú. Abẹ́ ọ̀nà kẹta yìí ni òfin ka ẹni tí ó gba fáúṣà sí. Bí ó ti wù kí ìyà tí ó lé e jáde pọ̀ tó, lójú òfin, òun ni ó yàn láti lọ. Láti ọjọ́ náà lọ, òfin àpapọ̀ sọ pé ọmọ rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ mọ́ sí gbogbo ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ì bá rí gbà bí ó bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìwé ètò tí ó jẹ́ àdéhùn lánàá ti di ìwé lásán lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní ọ́tísìmù. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìwé ètò rẹ̀ sọ pé kí a máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yòókù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kì í sì í wá déédéé. Ìyá náà gba fáúṣà. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kéré, ó tòrò, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì lọ́yàyà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n pe ìyá náà sí ọ́fíìsì: wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ń pariwo, apá àwọn kò ká a mọ́, kí ó máa mú un lọ. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, ìyá yìí lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọn kò gbọdọ̀ lé ọmọ náà jáde nítorí àléébù rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ìwé àdéhùn tí ó fọwọ́ sí lọ́jọ́ ìwọlé nìkan ni ó kù tí ó lè dì mú. Òfin mìíràn wà tí ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni má ṣe ṣe ojúsàájú sí aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbòòrò jù nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ yọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ ìjọ ẹ̀sìn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gba fáúṣà jẹ́ ti ìjọ ẹ̀sìn.

ÌṢIRÒ OWÓ NÁÀ

Àwọn kan lè bèèrè pé ṣé òfin kò wá fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀nà kẹta ni? Ó fi díẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ àgbègbè tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà wà gbọ́dọ̀ máa wá àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara tí ó wà níbẹ̀ kàn, kí ó sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú owó ìjọba àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí iye wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní àgbègbè kan ní 1,000 ọmọ aláàbọ̀ ara. 950 wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, òbí 50 yòókù ti mú wọn lọ sí ti aládàáni. Bí owó tí ó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù 2 dọ́là, ìpín àwọn 50 yìí jẹ́ 100,000 dọ́là, èyí tí ó jẹ́ 2,000 dọ́là fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba. Ẹ kíyè sí i pé owó ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin yìí ní kí a pín, bẹ́ẹ̀ a sì ti rí i lókè pé ìkòkò ìjọba àpapọ̀ ni ó kéré jù. Owó ìpínlẹ̀ àti ti àgbègbè, níbi tí ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ náà wà, òfin àpapọ̀ kò sọ ọ́ di dandan pé kí a bù lára rẹ̀.

Èyí nìkan kọ́. A kò fi dandan lé e pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí nǹkan gbà. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bá ti fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni àti àwọn aṣojú òbí, òun ni yóò pinnu ohun tí a ó fi owó náà ṣe. Ó lè sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni àwọn yóò ṣe lọ́dún yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó ń yọ ọmọ tìrẹ lẹ́nu, kí o lọ máa fọwọ́ lẹ́rán. Bí inú sì ṣe bí ọ tó, o kò lè tìtorí èyí pe ẹjọ́ tí àwọn òbí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lè pè.

Owó fáúṣà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní Florida, bí àìní ọmọ bá ṣe pọ̀ sí ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òbí yàn bá ju fáúṣà lọ, òbí ni yóò fi àpò ara rẹ̀ kún un. Ẹni tí ó ní àfikún yóò rí ilé-ẹ̀kọ́ gidi. Ẹni tí kò ní yóò mú èyí tí owó rẹ̀ ká. Ó wá di ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí. Ní Texas, ìwé ètò tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bá kọ ni a ó fi díwọ̀n owó tí ọmọ aláàbọ̀ ara yóò gbà kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ìwé kan náà tí ó jẹ́ àṣẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ti di òṣùwọ̀n owó lásán ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ó sọ iye tí ọmọ yóò gbà. Kò lè sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ohun tí yóò ṣe fún ọmọ náà.

OHUN TÍ A KÒ SỌ FÚN ÒBÍ

A kò sọ pé ẹni tí ó bá gba fáúṣà ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń dúpẹ́ pé àwọn gbà á. Ọmọ tí a ń nà, tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà, tí ó wá rí kíláàsì tí kò ju ọmọ mẹ́jọ lọ àti olùkọ́ tí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ni òfin fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ tí yóò dùn jù ìyẹn lọ? Àwọn alátìlẹ́yìn fáúṣà sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé kọ̀: ẹ̀tọ́ tí a kò lè rí gbà láìgba lọ́yà, ẹ̀tọ́ àwọn olówó ni. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti ní àṣẹ láti yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ wọn, ó yẹ kí tálákà náà ní in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn òbí wọ̀nyí kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bá àwọn aṣòfin yẹ ìṣirò àti iṣẹ́ ìjọba wò gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ní ọdún ẹ̀kọ́ 2016 sí 2017, nínú gbogbo ọmọ tí ó wà nínú àwọn ètò tí a dá sílẹ̀ fún aláàbọ̀ ara nìkan, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà nínú ètò tí kò sọ ohunkóhun fún òbí nípa ẹ̀tọ́ tí yóò yí padà, tàbí tí ó sọ ohun tí kò tọ̀nà. Ìdá 83! Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá tò sí ẹnu ọ̀nà, 17 péré ni ó wà nínú ètò tí ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí fún òbí. Ilé-iṣẹ́ náà gba àwọn aṣòfin àpapọ̀ níyànjú pé kí wọ́n ronú lórí ṣíṣe òfin tí yóò mú àwọn ìpínlẹ̀ ní dandan láti máa sọ ọ́.

Ní tiwa, ibí ni a rò pé ìdí ọ̀rọ̀ náà wà. Ìjọba lè sọ pé òun fẹ́ fún òbí ní àǹfààní láti yàn. Ṣùgbọ́n yíyàn kì í ṣe yíyàn bí a bá bo ìdajì ọjà náà mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní iye tí ó mọ̀, ó ta á ni. Ẹni tí a ní kí ó wá tẹ ìka sí ìwé tí kò yé e, tí ó jí lọ́jọ́ kejì tí kò ní ilẹ̀ mọ́, a kò lè sọ pé ó tà á.

KÍ A TÓ FI ỌWỌ́ SÍ ÌWÉ

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ lọ́hùn-ún, tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, pàápàá ní Houston àti àwọn ìlú Texas yòókù, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ń gbé, tí ètò náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ bá wọn fi ìbéèrè márùn-ún yìí síwájú kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí ohunkóhun. Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ti yẹ ọmọ náà wò tán, tí wọ́n sì ti kọ ìwé ètò rẹ̀ sílẹ̀? Èwo nínú ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni ilé-ẹ̀kọ́ tuntun yóò ṣe, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò ṣe é? Ta ni àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe wọn, irú ìwé-ẹ̀rí wo ni wọ́n sì ní? Èló ni yóò kù tí òbí yóò san lẹ́yìn tí fáúṣà bá tán? Bí apá wọn kò bá sì ká ọmọ náà mọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ni wọn yóò sì sọ fún òbí?

Kí wọ́n sì mọ èyí pẹ̀lú, nítorí pé ó lè jẹ́ ìtùnú fún ẹni tí ó ti fi ọwọ́ sí i: ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò tì. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá padà sí i ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀, tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Àkókò tí ó ti kọjá nìkan ni kò ní padà. Bẹ́ẹ̀, fún ọmọ tí ó ń kọ́ bí a ti í sọ̀rọ̀, ọdún kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn òbí tí wọ́n pe ẹjọ́ ní Pennsylvania àti ní Washington ní èyí tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ sẹ́yìn kò bèèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí ẹnikẹ́ni má lè sọ fún ọmọ àwọn mọ́ láé pé kò sí àyè fún un. Owó dára, a kò sì bá a ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba owó rọra wo ọwọ́ òsì rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ó ń bọ́ níbẹ̀.